Uli: Títì tó di pápákọ̀ òfurufú nígbà ogun abẹ́lé

Kò wọ́pọ̀ kí àgbàlagbà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó má mọ ọ̀rọ̀ náà, 'Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀.' Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Banjo, ọmọ Ìjẹ̀bú, jẹ́ ọ̀gá fún gba Benin, wọ́n sì jà dé Ọ̀rẹ̀ kí ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ìjà orí ilẹ̀ nìyẹn. Ìjà tí wọ́n fi bàálù jà ni ìtàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí àwọn ọ̀dọ́.

Ẹni tó bá gbéra ní Ìkàrẹ́, tó gba Ọ̀kà àti Ìṣùà bọ́ sí ìpínlẹ̀ Edo, tó sọdá odò Ọya ní Asaba, tó sì forí lé Owerri láti Onitsha, yóò kọjá ní Uli, nítòsí Ihiala. Títì lásán ni yóò rí. Orí títì yìí ni bàálù ń balẹ̀ sí lóru nígbà ogun.

Enugu bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1967. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gba Port Harcourt. Kò sí ọ̀nà òkun fún Biafra mọ́. Àwọn ẹnjiníà wọn ti fẹ títì Uli lójú kí bàálù ńlá lè balẹ̀. Wọn kì í tan iná ibẹ̀ àfi tí bàálù bá fẹ́ balẹ̀. Kíá ni wọ́n sì ń pa á, nítorí bàálù ìjọba tó ń ju bọ́ǹbù.

Ebi ló mú kí ọ̀ràn náà le. Àwọn ọmọdé ń kú. Àwọn ìjọ Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ń kó oúnjẹ àti oògùn wá láti erékùṣù São Tomé, pańla sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fò ju ìgbà 5,000 lọ. Ẹgbẹ́ Red Cross náà gbé ẹrù láti Kútọnu. Ṣùgbọ́n Uli yìí kan náà ni ohun ìjà ń gbà wọlé. Ìjọba àpapọ̀ ní kí bàálù oúnjẹ máa wá lọ́sàn-án kí àwọn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Biafra kò gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 1969, bàálù ogun ìjọba já bàálù Red Cross kan lulẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì kú.

Biafra náà kò káwọ́ gbera. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, kó bàálù kéékèèké MFI-9B márùn-ún lọ kọlu pápákọ̀ Port Harcourt. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọlu ti Benin, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Àkókó, àti ti Enugu.

Láti Uli ni Ojukwu ti bá bàálù lọ ní oṣù kìíní ọdún 1970. Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù náà, pápákọ̀ sì padà di títì.

Umuahia ni wọ́n kó ohun ogun tó ṣẹ́kù lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun tó wà níbẹ̀ ṣí ní ọdún 1985, níbi ihò abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Biafra ti ń sọ̀rọ̀. Bàálù MFI-9B wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọkọ̀ ìjà tí àwọn ará Biafra fi ọwọ́ ara wọn rọ, àti ọkọ̀ ojú omi NNS Bonny ti ìjọba àpapọ̀.

Irin ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè tọ́jú. Ohun tí ojú rí, ẹnu àgbà ló wà. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, nígbà tí orílẹ̀-èdè ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú, ó yẹ kí àwọn àgbà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà pe àwọn ọmọ-ọmọ wọn jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ọdún wọ̀nyẹn. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn.