Òfin Ní Kí N Jókòó, Ẹ̀rí-Ọkàn Ní Kí N Dìde

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan nípa òfin àti ìwà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Mo rò pé ẹni tí kò bá ti rúfin, ọmọlúàbí ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ náà kan họ́sítẹ́ẹ̀lì wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 1972, apá òsì ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀ fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òfin ní kí gbogbo mọ́tò bọ́ sí apá ọ̀tún. Bàbá àgbà mi rí ọjọ́ náà. Wọ́n ní ńṣe ni àwọn awakọ̀ ń wakọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Ẹ wò ó, apá òsì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, apá ọ̀tún náà kì í ṣe ìwà rere. Ìjọba kàn mú ọ̀kan ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òfin ti mú ọ̀kan, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba èkejì ń fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Òfin lè mú ohun tí kò kan ìwà rárá, kó sọ ọ́ di ohun tó kàn án.

Òdì kejì rẹ̀ náà wà. Tí o bá ń fi ọmọ akólòlò ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sunkún, kò sí ọlọ́pàá tó máa wá mú ọ. Tí o bá rí ìyá àgbà tó gbé ẹrù wúwo, tí o gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, adájọ́ ò ní ránṣẹ́ pè ọ́. Àmọ́ Yorùbá ò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ dákẹ́ o. Wọ́n á ní o ò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, ojú á sì tì ọ́. Òfin ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ìwà ní tirẹ̀, ìwọ fúnra rẹ lò ń ṣọ́ ọ, pàápàá lóru tí ẹnikẹ́ni ò rí ọ.

Ọ̀rọ̀ òru yẹn gan-an ni mo ń bọ̀ sí.

Gbogbo wa la mọ òfin họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tí wọ́n bá ti pa iná ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde títí agogo ìdájí yóò fi lù. Ẹni tó bá jáde, koríko ni yóò gé. Mi ò ní kí òfin náà má wà o. Àwọn òbí wa ò ní lè sùn tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ wọn ń rìn kiri lóru.

Ní táàmù tó kọjá, lóru ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, tí eruku kún gbogbo yàrá, ikọ́ fée gbé ọmọ JS1 kan tó ń sùn sísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń dún fíì, fíì, bí fèrè tó ti là. Oògùn tó máa ń fà sẹ́nu ti tán láti ọjọ́ kejì sẹ́yìn. Mo la ojú mi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ̀rí-ọkàn mi ní kí n dìde, kí n lọ jí mátíróònù. Òfin ní kí n jókòó. Mo ronú koríko. Mo ronú pé mo fẹ́ di píríféètì tí mo bá dé SS2, àti pé orúkọ mi ò tíì wọ ìwé àwọn arúfin rí. Mo sọ fún ara mi pé á tó lọ sílẹ̀. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka èémí ọmọ ọlọ́mọ. Mo kà á kọjá ọgọ́rùn-ún.

Ọmọkùnrin tó ń sùn lẹ́bàá ilẹ̀kùn ló dìde, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í kúrò nínú ìwé arúfin. Kò tiẹ̀ wọ bàtà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sá lọ. Mátíróònù dé, wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí kílíníìkì, èémí rẹ̀ sì ti wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ẹni tó sáré jáde. Wọ́n ní ó ṣeun, wọ́n sì ní kó lọ gé koríko, torí òfin ò mọ ẹnì kan. Èmi jókòó sí kíláàsì, yúnífọ́ọ̀mù mi mọ́ tónítóní. Mi ò rú òfin kankan.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Mọ́mì Ìlọrin, ẹ̀gbọ́n màmá mi. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n kàn mi orí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ohun tó ṣe ọ́ yẹn, ó ti ṣe dókítà tó bí irú rẹ mẹ́ta.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òfin kan fún mi.

Ní 1984, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, wọ́n ṣe òfin kan nítorí àwọn adigunjalè. Òfin náà ní ilé ìwòsàn tàbí ẹnikẹ́ni tó bá tọ́jú ẹni tí wọ́n fura pé ọta ìbọn bà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á jìyà. Ó yé mi. Wọn ò fẹ́ kí olè tí ọta bà rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ wá gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù: òfin yẹn ò sọ pé kí wọ́n má tọ́jú ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n sọ fún ọlọ́pàá ló wí. Ẹ̀rù ló ka nǹkan mìíràn sínú rẹ̀. Àwọn dókítà ń bẹ̀rù pé ọlọ́pàá á pe àwọn ní ọ̀rẹ́ olè, pé àwọn á di ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́. Bó ṣe di pé tí wọ́n bá gbé ẹni tí ìbọn bà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn nìyẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni, “Ìwé ọlọ́pàá dà?” Ẹni tí adigunjalè fúnra wọn yìn níbọn nínú ilé rẹ̀, wọ́n á bi í. Ẹni tí ọta ìbọn ṣèèṣì bà lọ́jà, wọ́n á bi í. Kí ẹni tó gbé e wá tó sáré dé àgọ́, kó tó rí ẹni tó máa kọ ìwé fún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní dúró dè é. Mọ́mì ní àwọn fi ojú àwọn rí i. Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n yíjú sí ọbẹ̀ tó wà lórí iná.

Mo ronú lé e lórí púpọ̀. Àwọn tó ń bèèrè ìwé yẹn, èèyàn bíi Mọ́mì ni wọ́n, èèyàn bíi tèmi lórí bẹ́ẹ̀dì lóru ọjọ́ yẹn. Tí ẹni tó kọ òfin kò bá rántí ẹni tó fẹ́ ṣe rere, òfin rẹ̀ lè sọ ẹni rere di òǹwòran.

Ó wá di dandan kí òfin mìíràn tú ohun tí ẹ̀rù dì. Ní 2014, òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè wa ní òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò gbọdọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tó wà nínú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ₦100,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, ó sì lè gba méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òmíràn tó dá lórí ẹni tí ìbọn bà nìkan. Òun ni mo fẹ́ràn jù, torí ó dà bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn rí. Ó ní gbogbo ilé ìwòsàn, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ gba ẹni náà, ìwé ọlọ́pàá ì báà wà tàbí kó má sí, owó ì báà wà nílẹ̀ tàbí kó má sí. Kò lé ọlọ́pàá dànù o. Láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí. Ẹ wo bó ṣe tò ó: ẹ̀mí ló kọ́kọ́ wá, ìwé tẹ̀lé e. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nílé wa pé ẹ̀mí ò ní sípéà. Òfin náà tún ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ẹni tó gbé aláìsàn wá, kí wọ́n má fi ìbéèrè tí kò yẹ dójú tì í. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló dùn jù nínú gbogbo rẹ̀, torí ẹni tó ń sáré láìwọ bàtà ló ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ka apá yìí fún ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹgbẹ́ wa, ó bá bá mi jiyàn. Ó ní ẹni tó ṣe rere torí ẹ̀wọ̀n ò tíì ṣe rere. Mo ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ò ní bèèrè ìdí tí wọ́n fi tọ́jú òun. Ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ díẹ̀ lẹ́nu, mo gbà fún un. Lẹ́yìn 2017, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá ṣì ń rán àwọn ilé ìwòsàn létí léraléra pé kí wọ́n yé bèèrè ìwé. Ọmọ Ìgbò tó jókòó tì mí ní kíláàsì náà sọ ohun tó jọ ọ́. Láti 1956 ni ìjọba Ìlà-Oòrùn ayé ìgbà yẹn ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń pè ní osu mọ́. Ó ní títí dòní, tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, àwọn àgbà kan ṣì ń wádìí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Òfin lè ṣílẹ̀kùn, àmọ́ kò lè gbé ẹsẹ̀ èèyàn.

Síbẹ̀, ó dára kí ilẹ̀kùn ṣí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ gbólóhùn kan sínú ìwé pélébé, tí mo mú un lọ fún ọ̀gá tó ń bójú tó họ́sítẹ́ẹ̀lì. Mo wo òfin 2017 kọ ọ́: “Tí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn lóru, kí èèyàn méjì jọ lọ pe mátíróònù lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún píríféètì kí agogo ìdájí tó lù. Wọn ò ní gé koríko.” Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bi mí pé tí ẹnì kan bá wá fi àìsàn bojú ńkọ́, kó lè ráyè jáde? Mo ní, “Sà, ọ̀dọ̀ mátíróònù ló máa jáde sí. Wọ́n á mọ̀ tó bá ń purọ́, ìgbà yẹn ló máa gé koríko.” Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ká ìwé náà sínú àpò, wọ́n ní àwọn á gbé e dé ìpàdé àwọn olùkọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, tó bá dé iwájú yín, ẹ bá wa wò ó.

Ó ku nǹkan kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó gé koríko yẹn, mo yọ́ lọ bá ọmọkùnrin náà lẹ́yìn ilé ìjẹun. Ó ti gé e dé ìdajì. Mo gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, mo gé ìyókù. Ó bi mí pé kí ló gbé mi débẹ̀, mo ní kò sí nǹkan. Mi ò sọ fún un pé ojú mi là sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, pé mo ń ka èémí. Yóò kà á níbí.