Bí A Ṣe Ń Ka Ọnà Ara Àpáàdì

Lóko Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà, kò sí ẹni tó ń kọ ebè tí ọkọ́ rẹ̀ kò tíì kan àpáàdì rí. A ó jù ú sẹ́yìn ààlà, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ó ń dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ni à ń ṣe é. Igi ti jẹrà, aṣọ ti jẹrà, ògiri àwọn tó gbé ibẹ̀ ṣáájú wa ti wó di ilẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ tí iná bá ti jó kì í jẹrà.

Ohun èlò tí amọ̀kòkò fi ṣe ọnà la kọ́kọ́ ń wá. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò kì í kọ orúkọ sí i nídìí. Bí ìkòkò bá ti le díẹ̀ tí kò sì tíì gbẹ, wọ́n á mú okùn tí wọ́n lọ́, tàbí igi kékeré tí wọ́n gbẹ́ ọnà sí, wọ́n á máa yí i gbirigbiri lára rẹ̀. Bí okùn bá ni, ẹ ó rí ilà wẹ́wẹ́ tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, fọ́nrán okùn á sì hàn nínú rẹ̀. Bí igi bá ni, ọnà kan náà ni yóò máa padà wá ní ìwọ̀n kan náà. Ẹ wá ibi tí igi náà ti kán tàbí tó ti ya, nítorí àbùkù yẹn yóò tún yọjú ní gbogbo ìgbà tí igi bá yí po. Bí ẹ bá rí àbùkù kan náà lára àpáàdì méjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igi kan ṣoṣo ló ṣe méjèèjì.

Kòtò ni ọnà náà, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè hàn. Àwọn awalẹ̀pìtàn máa ń tẹ amọ̀ rírọ̀ táwọn ọmọdé fi ń ṣeré mọ́ ọn, kí wọ́n tó ṣí i kúrò. Bí ohun èlò náà ṣe rí gan-an ni yóò yọ sókè.

Ti ṣùkù àgbàdo ni mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n bá ti yín àgbàdo tán, wọ́n á yí ṣùkù rẹ̀ lára ìkòkò, ojú tí hóró ti kúrò á sì tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Columbus kò sì dé ibẹ̀ kí ó tó di 1492. Ìkòkò tó bá ní àmì yìí kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó lè kéré sí i púpọ̀, nítorí wọn kò jáwọ́ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ọnà tún máa ń sọ ibi tí àwọn èèyàn ti wá. Ní 1956 sí 1957, awalẹ̀pìtàn Frank Willett ṣiṣẹ́ ní ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, ó sì to àwọn ìkòkò ibẹ̀ sí ọ̀wọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí awalẹ̀pìtàn mìíràn, Akínwùmí Ògúndìran, walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé lágbègbè Ọ̀ṣun, irú ìkòkò Ọ̀yọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, èyí sì wà lára ẹ̀rí pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló tẹ ìlú náà dó. Ẹyọ àpáàdì kan ṣoṣo kò tó fi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ń dé ọjà, ìyàwó sì ń gbé e lọ sílé ọkọ.

Bí àpáàdì tó jáde bá funfun tó sì ń dán, àwo òyìnbó ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ gbé e sí oòrùn: tánganran gidi ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá, ẹ ó rí òjìji ìka yín lódìkejì. Ní nǹkan bí ọdún 1800 ni ilé iṣẹ́ Spode àti àwọn mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í po eérú eegun màlúù mọ́ amọ̀ irú àwo bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ kùn ún, ilà á nípọn níbì kan, á tín-ín-rín níbòmíràn. Bí ó bá jẹ́ pé bébà ni wọ́n fi tẹ ọnà láti ara bàbà tí wọ́n fín, ẹ wo etí àwo dáadáa, ẹ lè rí ibi tí etí bébà méjì ti pàdé tí ọnà kò bára mu. Nọ́ńbà kékeré tí wọ́n kùn sí ìdí rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọdún. Nọ́ńbà ọnà náà ni nínú ìwé ilé iṣẹ́. Àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, tó ní lẹ́tà àti nọ́ńbà nínú, wà láàárín 1842 sí 1883. Ọ̀rọ̀ náà England ní tirẹ̀ kò wọ́pọ̀ títí di 1891, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí ọjà tó ń wọ ilẹ̀ wọn ní orúkọ ibi tó ti wá.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìbàràpá, ẹ jọ̀wọ́, bí ọkọ́ bá kan àpáàdì ọlọ́nà, ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Ẹ kọ orúkọ oko náà àti bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe jìn tó sórí bébà, kí ẹ fi í sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú àpáàdì náà. Bó bá pọ̀ lójú kan, ẹ dáwọ́ ọkọ́ dúró níbẹ̀, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn.