Pápá Ìṣeré Láàárín Odò: Bí A Ti Tún Ilẹ̀ Stratford Ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù

Bí a bá gbọ́ pé ìlú ńlá kan kọ́ pápá ìṣeré titun, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn wa ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìjókòó, iná tí ń tàn ní òru, àti ariwo àwọn òǹwòran. Ìwọ̀nba ni àwọn tí ń béèrè pé: ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, níbo ni omi yóò gbà? Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ gbòòrò, ilẹ̀ tí a sì fi kọnkéré bò yí i ká kò lè mu omi. Omi tí ilẹ̀ ìbá mu a di àgbàrá, àgbàrá a sì wá ilé ẹlòmíràn lọ. Nítorí náà ni a fi fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa bí a ti yanjú ọ̀ràn yìí ní Stratford, ní ìhà ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a gbé ṣe Eré Olympic ní 2012.

Àfonífojì Odò Lea ni ibẹ̀ í ṣe. Odò yìí ti ìhà àríwá wá. Nígbà tí ó bá sì kù díẹ̀ kí ó dé Odò Thames, a pín sí ẹ̀ka púpọ̀ bí ìka ọwọ́. Ilẹ̀ àárín àwọn ẹ̀ka náà rẹlẹ̀, ó sì jẹ́ ilẹ̀ àbàtà láti ayébáyé. Fún ọdún púpọ̀, ilé iṣẹ́ àti ààtàn ni ó kún ibẹ̀, tí epo àti oògùn olóró fi wọ inú erùpẹ̀ lọ. Orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ pápá ìṣeré ńlá náà ní oṣù karùn-ún 2008, láti gba 80,000 ènìyàn. Omi yí i ká ní ìhà mẹ́ta, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé orí afárá ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lọ síbẹ̀ ń gbà.

Kì í ṣe ìgbà náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá omi ibẹ̀ jìjàkadì. Láàárín 1931 àti 1935, a fẹ àwọn ẹ̀ka odò náà, a sì mọ ògiri sí etí wọn. Ní oṣù kẹta 1947, nígbà tí yìnyín yọ́ tí òjò sì rọ̀ lé e, Odò Lea kún kọjá ààlà rẹ̀, ó sì wọ ilé àwọn tí ń gbé àfonífojì náà ní òkè odò. Lẹ́yìn èyí ni a la ojú omi titun sí òkè lọ́hùn-ún láti máa gba ìkún omi; a sì parí rẹ̀ ní 1976.

Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀ tí ògiri nìkan kò fi tó. Ògiri a máa gba ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dín omi kù. Omi tí kò bá rí àyè tàn kálẹ̀ yóò ga sókè, yóò sì yára sí i, yóò sì gbé ìbínú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Bí ẹni tí ó wà lókè bá mọ ògiri, ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ ni ó máa ń san gbèsè rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni pé kí a fi àyè sílẹ̀ fún odò, kí bèbè rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ilẹ̀ kan sì wà tí omi lè bò láì pa ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀nà yìí ni àwọn tí ó ṣètò ilẹ̀ Stratford tẹ̀lé, iṣẹ́ wọn sì pín sí mẹ́ta.

Èkíní ni ti òkun. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi òkun ń kún tí ó sì ń fà, kíkún náà a sì máa gba inú Odò Thames wọ àwọn ẹ̀ka Odò Lea. Ní oṣù kẹfà 2009, a ṣí ilẹ̀kùn omi ńlá kan ní Three Mills, èyí tí ń dá omi òkun dúró kí ó má baà wọ inú àwọn odò ọgbà náà. Láti ìgbà náà ni omi ibẹ̀ ti dúró ní ìwọ̀n kan. Ilẹ̀kùn yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá, kí a lè fi omi kó ẹrù dípò ojú títì.

Èkejì ni ti bèbè. A fi mítà 8 kún ìbú ẹ̀ka tí a ń pè ní Waterworks River. Ní ìhà àríwá, àwọn ayàwòrán ilẹ̀, George Hargreaves àti ilé iṣẹ́ LDA Design, gé bèbè tí ó ga gàǹgà lulẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ilẹ̀ tí ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ dé etí omi. Ní ọjọ́ gbogbo, àwọn ènìyàn ń rìn, wọ́n sì ń jókòó níbẹ̀. Bí odò bá kún, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tàn sí. Nípa báyìí, kì í ṣe pápá ìṣeré nìkan ni a dáàbò bò; ewu ìkún omi dínkù fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé àwọn aládùúgbò pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni ti erùpẹ̀ àti ewéko. A kó erùpẹ̀ tí ó ti bàjẹ́ jọ, a fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́, a sì tún èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lò. Ewéko etí omi tí a gbìn lé ní 300,000. A ti kọ́kọ́ tọ́ wọn dàgbà níbòmíràn lórí ẹní tí a fi okùn èèpo àgbọn ṣe, kí gbòǹgbò wọn lè di ilẹ̀ mú kí ìṣàn omi tó gbá wọn lọ. Igi tí a gbìn tó 4,000. Ní ẹ̀bá ọ̀nà, a ṣe àwọn kòtò tí kò jìn tí koríko hù nínú wọn: àgbàrá a dúró díẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ a mu nínú rẹ̀, ìdọ̀tí a sì rọ̀ sílẹ̀, kí ìyókù tó dé odò.

Ọdún eré náà kì í ṣe ọdún ọ̀dá. Oṣù kẹrin 2012 ni òjò rẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo oṣù kẹrin tí a ti wọn òjò rẹ̀ ní ilẹ̀ Ọba láti 1910 títí di ìgbà náà. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù keje, ìlẹ̀kùn pápá ṣí gẹ́gẹ́ bí a ti dá a, òdòdó aláwọ̀ wúrà sì yí i ká. Lẹ́yìn eré, a tún sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kọnkéré tí èrò ń gbà di ilẹ̀ koríko. Apá àríwá ọgbà náà ṣí fún gbogbo ènìyàn ní oṣù keje 2013, apá gúúsù sì ṣí ní oṣù kẹrin 2014.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí ní ọjọ́ tí a ṣí i. Kòtò tí pàǹtí bá dí kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò gbẹ́. Bèbè tí a bá jẹ́ kí koríko rẹ̀ kú yóò ya lulẹ̀. Ẹni tí ó bá fún odò ní àyè ní láti máa ṣọ́ àyè náà kí a má baà kọ́lé sí i.

Àwa tí a ń múra láti lọ ṣe olùkọ́ kò ní kọ́ pápá tí ó gba 80,000 ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní pápá tirẹ̀. Kí a tó ro ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ féfé, ẹ jẹ́ kí a dúró wo òjò kan, kí a mọ ibi tí àgbàrá ti wá àti ibi tí ó ń lọ. Ẹ jẹ́ kí a dá koríko sí ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, kí a gbin igi sí ibi tí àgbàrá ti ń hú ilẹ̀, kí a má sì ṣe la kòtò wa sí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò. Ọmọ tí ó bá bá wa ṣe é yóò mọ̀ pé ilẹ̀ kò parí ní ibi tí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ parí sí.