Ọdún 25 ni Àjàyí ò fi fojú kan ìyá ẹ̀, síbẹ̀ kò fi Ọlọ́run sílẹ̀

Ẹni tó bá ń gba títì Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, bó bá ti dé Ìkirè, dòdò ló máa kọ́kọ́ rí. Kò ní í pẹ́ tó fi máa kan Àpòmù. Ọjà ńlá ni Àpòmù láyé ọjọ́un, àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ló ń ná an. Ṣùgbọ́n ọjà ẹ̀rù náà ni. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ a máa jí ọlọ́jà gbé níbẹ̀, wọn a tà á lẹ́rú. Ó wà lára ohun tó dá ogun Òwu sílẹ̀ ní nǹkan bíi 200 ọdún sẹ́yìn.

Láyé ogun àti ẹrú yẹn náà ni wọ́n kó Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn, lọ́dún 1821. Wọ́n mú Àjàyí, ọmọ bí ọdún 12, pẹ̀lú ìyá ẹ̀, wọ́n sì pín wọn níyà. Wọ́n ta ọmọ yìí láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí tó fi wọ ọkọ̀ òkun àwọn Potogí. Lóṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó di Freetown. Ọdún 1825 ló ṣèrìbọmi, tó di Samuel Crowther.

Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí o. Lọ́jọ́ tó di Kristẹni, kò tíì rí ìyá ẹ̀. Ọdún kejì, kò rí i. Ọdún kẹwàá, kò rí i. Nǹkan bí ọdún 21 ló fi ń sin Ọlọ́run láìfojú kan ìyá tó bí i. Síbẹ̀ kò káwọ́ lẹ́rán. Ó kàwé, ó di tíṣà, wọ́n sì fi í joyè àlùfáà lọ́dún 1843. Iṣẹ́ ìhìnrere ló gbé e dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ sì ni òun àti ìyá ẹ̀ ti pàdé lóṣù kẹjọ ọdún 1846. Lọ́dún 1848, ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah. Nígbà tó di 1864, Àjàyí di bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ kó lẹ́rú nígbà náà ni kò rí ìyá wọn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì sin Ọlọ́run títí wọ́n fi kú ní Freetown.

Láàárín 2015 sí 2018, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba nípìnlẹ̀ Ọ̀ṣun ni kò gba owó oṣù wọn pé. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lèèyàn máa ń gbọ́ pé, "Bó o bá nígbàgbọ́ ni, wàhálà yìí ì bá ti tán." Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Bí ìdáhùn bá pẹ́, kò túmọ̀ sí pé ìgbàgbọ́ yín ò dáa. Ẹ máa gbàdúrà, kẹ́ ẹ sì máa ṣiṣẹ́ yín lọ. Ìgbàgbọ́ tó bá jẹ́ torí ohun tá a fẹ́ gbà nìkan, ọjọ́ tí ohun náà bá pẹ́ kó tó dé ló máa ya.