Dídi Ilé Mú Nínú Eré Bọ́ọ̀lù Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ní Fẹ́sítáàkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bí ilé-ìwé bá ti jáde, ibi méjì ni a ti sábà máa ń rí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Èkíní ni orí pápá, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Èkejì ni inú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan tí a to tẹlifíṣọ̀n sí, níbi tí wọ́n ti ń fi àtàǹpàkò gbá a. Eré kejì yìí ni àlàyé yìí dá lé lórí, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀, bí kò ṣe apá kan tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbá a kì í fẹ́ kọ́, èyí ni bí a ti ń dílé mú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé lásán ni. Owó wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bá borí ni yóò jókòó de ẹni tí ó kàn. Ẹni tí a bá nà ni yóò dìde, òun náà ni yóò sì sanwó eré. Nítorí náà, ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ bí a ti ń dílé mú lè fi owó ọkọ̀ rẹ̀ ṣeré tán, kí ó sì fẹsẹ̀ rìn dé Mile 2. Bí a bá bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, yóò ní àwọn agbábọ́ọ̀lù iwájú òun ni kò já fáfá. Bẹ́ẹ̀, ó gbá mẹ́ta wọlé. Mẹ́rin tí ó wọ àwọ̀n tirẹ̀ ni kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn òbí àti olùkọ́ tí ń bínú sí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí kò jẹ̀bi, nítorí ibi tí ẹni tí a nà bá ti ń sanwó, tẹ́tẹ́ kò jìnnà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú nìkan kò tí ì lé ọmọ kan kúrò nídìí eré náà. Ó sàn kí ẹni tí ń kọ́ wọn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Fẹ́sítáàkì jẹ́ ìlú tí a fi ìlànà tẹ̀ dó. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú àgbáyé, èyí tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí di ọjọ́ 12 oṣù Èrèlé ọdún 1977. Àwọn òpópónà ńláńlá wà níbẹ̀ tí a fi nọ́ńbà pè. Lára wọn ni àwọn títì kéékèèké ti yà, àwọn ilé mìíràn sì dojú kọ ara wọn nínú àwọn àdúgbò kéékèèké tí a ń pè ní close. Inú close wọ̀nyí ni ọmọdé ti ń kọ́ bọ́ọ̀lù tí a ń pè ní mọ́ńkì póòsì. Òkúta méjì tàbí bàtà méjì ni ojúlé rẹ̀, kò fẹ̀ ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, kò sì sábà ní aṣọ́lé. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ó bá sá jáde lọ bá bọ́ọ̀lù ti ṣí ilé sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ èyí, yóò sì dúró gbọn-in níwájú òkúta méjèèjì. Ìyanu ni pé ọmọ yìí kan náà, bí ó bá dàgbà tí pádì sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, yóò gbàgbé ohun tí ó mọ̀.

Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni ó kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1994 ni ilé-iṣẹ́ Sony kọ́kọ́ gbé PlayStation jáde ní Japan, lórí ẹ̀rọ yìí àti èyí tí ó tẹ̀lé e ni eré Winning Eleven ti ilé-iṣẹ́ Konami sì ti gbajúmọ̀ dé ilẹ̀ wa. Lápá ọ̀tún pádì rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́rin ni ó wà: onígun-mẹ́ta, onígun-mẹ́rin, róbótó, àti èyí tí ó ní àmì X. Nínú Winning Eleven, bí a bá ti fi àtàǹpàkò tẹ X mọ́lẹ̀ tí a kò sì gbé e kúrò, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn yóò sáré fúnra rẹ̀ lọ bá ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí a bá fi onígun-mẹ́rin kún un, ẹnì kejì yóò tún sáré tẹ̀lé e. Eré FIFA tí ilé-iṣẹ́ Electronic Arts bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1993 náà bá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀. Ìran kan dàgbà tí ó gbà pé dídi ilé mú kò ju kí a tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí FIFA 12 jáde ní 2011, ọ̀nà náà yí padà. X kò gba bọ́ọ̀lù mọ́. Ó kàn ń mú kí agbábọ́ọ̀lù máa tẹ̀lé ọ̀tá, kí àyè díẹ̀ sì wà láàrin wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ní láti tẹ róbótó ní àkókò tí ó tọ́ gan-an. Bí ó bá yá jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò na afẹ́fẹ́, ọ̀tá yóò sì kọjá. Bí ó bá pẹ́ jù, bọ́ọ̀lù ti lọ. Àwọn tí ó ṣe eré náà fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ yàn án, ṣùgbọ́n ọ̀nà tuntun ni ó jókòó. Orúkọ àwọn eré méjèèjì ti yí padà láti ìgbà náà: ti Konami di eFootball ní 2021, ti Electronic Arts sì di EA Sports FC ní 2023. Ohun tí a ó sọ níhìn-ín bá àwọn méjèèjì mu.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbá a mọ̀ ni pé, nínú àwọn mọ́kànlá tí ó jẹ́ tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń darí àwọn mẹ́wàá yòókù, ẹ̀rọ sì mọ bí a ti ń tò wọ́n sí ìlà. Àṣìṣe kì í sábà ti ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́wàá wá. Ẹnì kan tí ó wà lọ́wọ́ ènìyàn ni ó ń da ìlà rú. Ẹ jẹ́ kí á wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀tá gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, ó ń bọ̀, agbábọ́ọ̀lù iwájú rẹ̀ kan sì dúró sí àárín àwọn ẹlẹ́yìn wa méjì. Òpè yóò mú ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́yìn méjì yìí, yóò tẹ bọ́tìnì eré sísá, yóò sì ta gìrì jáde lọ pàdé bọ́ọ̀lù. Kí ni ọ̀tá ní láti ṣe? Ó kàn ní láti ti bọ́ọ̀lù náà sí ibi tí ẹlẹ́yìn náà ti kúrò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òpè yìí ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ògiri náà.

Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi àwọn ẹlẹ́yìn méjèèjì sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Agbábọ́ọ̀lù àárín tí ó wà níwájú wọn ni yóò mú, yóò sì fi í rìn lọ sí ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ìbá gbà. Kò ní sáré. Nínú FIFA, bọ́tìnì L2 wà tí ń jẹ́ kí agbábọ́ọ̀lù kọjú sí ọ̀tá, kí ó sì máa fà sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ó bá ń sáré, yóò pẹ́ kí ó tó lè yí padà, ọ̀tá tí ó bá ṣẹ́rí lójijì yóò sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá fà sẹ́yìn báyìí, kò sí ibi tí ọ̀tá yà sí tí kò ní bá a níbẹ̀. Yóò máa fà sẹ́yìn títí ọ̀tá yóò fi ti bọ́ọ̀lù jìnnà díẹ̀ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tẹ róbótó.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí ó sọ iṣẹ́ yìí dáradára ju àlàyé àwọn tí ń ṣe eré náà lọ: ṣọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ nǹkan ń wò ó, ó sì ń dáàbò bò ó nígbà kan náà. Kì í ṣe ohun tí ó fẹ́ gbà ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí kò fẹ́ kí ó sọnù. Inú rẹ̀ ni a ti rí aṣọ́lé, aṣọ́bodè àti olùṣọ́-àgùntàn. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin kí a ṣọ́ ènìyàn àti kí a lé e. Ẹni tí a ń lé ni ó ń yan ọ̀nà tí eré yóò gbà. Ẹni tí a ń ṣọ́ ní láti dá ọgbọ́n kan, ibi tí ó ti ń dá ọgbọ́n náà sì ni bọ́ọ̀lù ti ń bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí lórí ọpọ́n ayò. Ọpọ́n ní ihò méjìlá, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ihò tí ọmọ kan tàbí méjì bá wà nínú rẹ̀ ni ó wà nínú ewu, nítorí bí ọmọ tí ọ̀tá gbìn kẹ́yìn bá bọ́ síbẹ̀, yóò di méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀tá yóò sì jẹ ẹ́. Òpè a máa wá ibi tí yóò ti jẹ. Ọ̀ta kọ́kọ́ ń ka ihò alátakò láti mọ èyí tí ó lè dé ọ̀dọ̀ òun, yóò sì fi ọmọ kún ihò tí ewu wà nínú rẹ̀ tàbí kí ó kó o kúrò kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ohun kan náà ni ẹni tí ó di pádì mú ní láti ṣe: kí ó ka ibi tí bọ́ọ̀lù lè lọ, kí ó má kàn wo ibi tí ó wà.

Ẹ̀gbẹ́ pápá ni ìkà yìí ti ń ṣòro jù. Ọ̀tá yóò sáré gba ẹ̀gbẹ́ dé ìdí ìlà, yóò sì dá bọ́ọ̀lù padà sí àárín fún ẹnì kan tí kò sí ẹni tí ó rí i. Góòlù tí ó ń wọlé báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù pọ̀ púpọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé gbogbo ojú ń tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ máa bá ẹni tí ó ni bọ́ọ̀lù lọ. Kí ẹni tí ó di pádì mú sì fi L1 tàbí ọ̀pá kékeré ọwọ́ ọ̀tún yàn ẹlòmíràn tí ó wà ní àárín, kí ó dúró ti ẹni tí bọ́ọ̀lù yóò padà bá. Yíyàn yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá dúró kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ lọ kí ó tó yàn, ẹni tí wọ́n ti kọjá lára rẹ̀ ni yóò máa darí.

Ti aṣọ́lé kò gùn. Bí a bá tẹ onígun-mẹ́ta mọ́lẹ̀, yóò jáde pàdé ọ̀tá. Ó dára bí ọ̀tá bá dá wà tí bọ́ọ̀lù sì jìnnà sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, yóò gbá a kọjá lórí aṣọ́lé ni. Bákan náà, kí a má ṣe fi ìdí yọ́ lọ bá bọ́ọ̀lù nínú àyíká ojúlé wa, nítorí pẹnáritì ni a sábà máa ń fi san án. Ti iná mànàmáná tí ó lè lọ láìdágbére, kò sí ẹlẹ́yìn tí ó lè dí ìyẹn mú.

Ó ku ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ti ń borí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Agẹmọ ọdún 1994, ní Foxborough ní Amẹ́ríkà, Nàìjíríà àti Ítálì pàdé nínú Ife Àgbáyé. Emmanuel Amuneke ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún Nàìjíríà ní ìṣẹ́jú 25, rẹfirí sì ti lé Gianfranco Zola ti Ítálì jáde. Góòlù kan wà lọ́wọ́ wa, ènìyàn kan sì lé ní tiwa. Ní ìṣẹ́jú 88, Roberto Mussi ti bọ́ọ̀lù sí Roberto Baggio, ó sì wọlé; nínú àkókò àfikún, Baggio fi pẹnáritì gbá èkejì. Àwọn ará Ítálì tí ó nà wá yìí ni wọ́n ní ọ̀rọ̀ catenaccio, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tí a fi ń dábùú ilẹ̀kùn. Inter Milan lábẹ́ Helenio Herrera fi ìlànà yìí gba ife Europe ní 1964 àti 1965. Ẹnì kan máa ń dúró sẹ́yìn gbogbo àwọn ẹlẹ́yìn, kí ohun tí ó bá yọ́ kọjá lè bá a níbẹ̀.

Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ó ní góòlù kan lọ́wọ́ tí àkókò sì ń tán lọ lè fi bọ́tìnì ọlọ́fà apá òsì pádì sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fà sẹ́yìn, kí àwọn ẹlẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ má sì gòkè mọ́. Kí ó má fà wọ́n jù, nítorí bí gbogbo wọn bá wọ inú àyíká ojúlé, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá lé jáde yóò tún bọ́ sí ẹsẹ̀ ọ̀tá ní ẹnu àyíká náà. Kí méjì tàbí mẹ́ta wà níwájú láti gbà á.

Bí góòlù bá sì wọlé, ẹ̀rọ a máa fi bí ó ti ṣẹlẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn ọmọ kì í wò ó. Wọn a tẹ bọ́tìnì kí ó lè kọjá kíákíá, pàápàá ẹni tí ó wọlé rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá jókòó tì wọ́n lè ní kí wọ́n jẹ́ kí ó ṣe dé òpin, kí ọmọ náà sì fi ìka tọ́ka sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó kúrò ní àyè rẹ̀. Kò ní sábà jẹ́ ẹni tí ó dúró níwájú ọ̀tá nígbà tí ó gbá a. Ẹni tí ó sáré jáde ní àárín pápá ni, kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ ẹni tí ó gbá a wọlé rárá.