Nọ́ọ̀tì Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Tó Kọ̀ Tí Kò Tú: Ohun Tó Dì Í Mú, àti Ìwọ̀n Tó Yẹ Kí A Fi Dè É

Ọ̀nà ọba tó ti Savalou àti Bantè wá sí Manigri, tó gba Bassila kọjá lọ sí Djougou àti Natitingou títí dé bodè Burkina Faso, kì í sinmi ẹsẹ̀ ọkọ̀ tọ̀sán-tòru. Nígbà ìkórè kajú pàápàá, tí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ akérò, ẹni tó bá jókòó létí ọ̀nà náà kò ní ṣàì rí awakọ̀ kan tí táyà rẹ̀ ti jò, tí òun àti ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sì ń bá nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ọkọ̀ jìjàkadì. Ọmọọṣẹ́ náà á gun orí súpánà, á máa fò lé e mọ́lẹ̀; bí bóòtì bá dá, wọ́n á ní irin burúkú ni; bí ó bá tú, ìfò kan náà ni wọ́n á fi dè é padà. Ó dùn mí láti máa rí i bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú dídè tòní ni ìyọnu ọ̀la ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó wọ ọkọ̀ náà sì wà lórí bóòtì mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọkọ̀ wa ti ń wá ni kí a kọ́kọ́ wò. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti lò gbó ní Yúróòpù kí ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn láti èbúté bíi Antwerp wá sí Kútọnu. Nígbà òtútù lọ́hùn-ún, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ náà a sì máa ta sí abẹ́ ọkọ̀. Irin, omi àti atẹ́gùn ní í para pọ̀ di ìpẹtà, iyọ̀ a sì mú iṣẹ́ wọn yá. Bẹ́ẹ̀ ni ìpẹtà gba àyè ju irin tó bí i lọ, tó fi jẹ́ pé bí ó ti ń wú láàárín bóòtì àti ihò rẹ̀ ni ó ń há wọn mọ́ra. Bí rímù bá jẹ́ ti alumíníọ̀mù, tí ìdí tó jókòó lé sì jẹ́ irin, omi tó bá wọ àárín àwọn méjèèjì á mú kí alumíníọ̀mù náà máa jẹrà, rímù á sì lẹ̀ típẹ́típẹ́, kódà lẹ́yìn tí gbogbo nọ́ọ̀tì bá ti tú. Òjò ilẹ̀ Donga, ẹkùn tí Bassila àti Djougou wà ní Benin, tó ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, á wá parí ohun tí iyọ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára, kò sì sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ tó ìdí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Kí a tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ ni kí a ti dẹ̀ ẹ́, nígbà tí táyà ṣì tẹlẹ̀, tí a sì ti fi òkúta dá ọkọ̀ dúró. Kí a fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbo ìpẹtà kúrò, kí a kán epo tó ń wọnú ìpẹtà sí i, kí a sì ní sùúrù fún epo náà. Kí ẹnu súpánà jẹ́ onígun mẹ́fà tó bá orí nọ́ọ̀tì mu rẹ́gí, nítorí èyí tó bá tóbi díẹ̀ yóò bó igun rẹ̀ dànù, ẹni tó bá sì ti bó igun nọ́ọ̀tì ti sọ iṣẹ́ kékeré di iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọ̀pá gígùn tí a tẹ̀ jẹ́jẹ́ láìfì í sàn ju fífò lọ. Bí ó bá ṣì kọ̀, kí a dè é díẹ̀ sí i kí ìpẹtà lè já, kí a tó yí i sí òsì. (Àwọn ọkọ̀ Bedford àtijọ́ yàtọ̀: nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ apá òsì wọn, ọ̀tún ni a ń yí i sí kí ó tó tú.) Ní ti fífi iná mú nọ́ọ̀tì gbóná kí ó lè tú, mo bẹ ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má fi iná súnmọ́ táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ó lè bú gbàù pa èèyàn.

Dídè ló ṣe pàtàkì jù. Bí a bá ń dè é, bóòtì ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, akitiyan rẹ̀ láti súnkì padà ni ó sì ń fún rímù mọ́ ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo agbára tí a fi yí súpánà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ló ń di fífún yìí. Irin tó ń ha irin ló ń gbé ìyókù mì. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí epo tí a fi tú u wà lára rẹ̀ nígbà tí a bá ń dè é padà, nítorí epo yóò dín híha náà kù, agbára kan náà yóò sì na bóòtì kọjá ààlà. Níútìn-mítà ni a fi ń wọn agbára yíyí yìí: Toyota Corolla púpọ̀ ń fẹ́ 103, Volkswagen Golf púpọ̀ ń fẹ́ 120. Ẹni tí kò ní súpánà tó ń wọn agbára lè fi ojú inú wò ó báyìí: bí súpánà bá gùn tó ìdajì mítà, agbára tí a fi ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi onílíta 20 ni kí ọwọ́ fi tẹ òpin rẹ̀, èyí sì tó nǹkan bí 98. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọn kílò 70, bó bá dúró lásán lórí òpin súpánà náà, ti kọjá 340 kó tó fò rárá. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni.

Dídẹ̀ jù náà kò dára. Gerhard Junker, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Jámánì, fi hàn ní ọdún 1969 pé mímì síwá-sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ ni ó ń mú kí bóòtì tí kò le tó máa tú ara rẹ̀, kòtò ojú ọ̀nà kò sì ń ṣe ohun mìíràn sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bí kò ṣe èyí. Kí ojú rímù àti ìdí rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ìpẹtà àti erùpẹ̀. Kí nọ́ọ̀tì tí ibi tó fi jókòó rí róbótó má lọ wọ inú ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀. Kí bóòtì gígùn ti rímù alumíníọ̀mù má bá rímù irin lò, kí ẹnu rẹ̀ má baà máa gbá ohun tó wà lẹ́yìn. Kí a dè wọ́n ní ìkọjú-síra, kì í ṣe ní títò yípo, kí rímù lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, irin á ti jókòó dáadáa, ó sì yẹ kí a tún wọn ìdè náà wò. Ẹni tó bá sì pààrọ̀ táyà ní Manigri, tó dorí kọ Djougou, kí ó mú súpánà jáde bí ó bá débẹ̀, kí ẹrù tó kúrò lórí ọkọ̀.