Ipò Pasẹ́ńtáìlì nínú Ìdánwò Ìgbàwọlé Àwọn Ọmọ Olóye

Ipò pasẹ́ńtáìlì jẹ́ nọ́mbà tí ó ń fi ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ kan wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hàn lẹ́yìn ìdánwò. Ó ń sọ iye ènìyàn, nínú ọgọ́rùn-ún, tí máàkì wọn kéré sí tirẹ̀. A máa ń lò ó nínú ìdánwò tí a fi ń ṣa àwọn ọmọdé tí òye wọn ga ju ti ẹgbẹ́ lọ sí ilé-ìwé tàbí kíláàsì àkànṣe. Nítorí pé àyè kì í pọ̀ ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, nọ́mbà kan ṣoṣo lè gbé ọmọ wọlé tàbí kí ó dá a padà. Síbẹ̀, nọ́mbà yìí kì í ṣe ìwọ̀n gbogbo ohun tí ọmọ mọ̀, kò sì ní ìtumọ̀ bí a kò bá mọ àwọn tí a fi ọmọ náà wé.

Ìyàtọ̀ láàárín pasẹ́ńtáìlì àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ń sọ iye ìbéèrè tí ọmọ gbà. Pasẹ́ńtáìlì ń sọ iye ọmọ tí ó gba máàkì jù. Fún àpẹẹrẹ, ká sọ pé ọmọ 200 láti àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ganmo, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, ṣe ìdánwò kan. Ọ̀kan nínú wọn gba 54 nínú 100, àwọn 170 sì gba iye tí ó kéré sí 54. Ìdá tí ọmọ náà gbà nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 54, ṣùgbọ́n ipò pasẹ́ńtáìlì rẹ̀ jẹ́ 85, nítorí pé 170 nínú 200 jẹ́ 85 nínú 100. Òbí tí ó bá rí 54 lè rò pé ọmọ òun kò ṣe dáadáa, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdánwò náà ni ó le.

Bí máàkì ṣe ń di pasẹ́ńtáìlì

Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò òye, a máa ń ṣètò máàkì kí ìdajì ọmọ lè wà lókè 100, kí ìdajì yòókù sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kó jọ sí àárín. Díẹ̀ ni ó máa ń wà ní ìkángun méjèèjì. Nítorí èyí, àlàfo pasẹ́ńtáìlì kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn. Lórí ìwọ̀n tí a sábà máa ń lò, ọmọ tí ó gba 100 wà ní ipò 50, ẹni tí ó gba 110 wà ní ipò 75, ẹni tí ó gba 120 wà ní ipò 91, ẹni tí ó gba 130 sì wà ní ipò 98. Máàkì mẹ́wàá àkọ́kọ́ fi ipò 25 kún un. Mẹ́wàá tí ó kẹ́yìn fi méje péré kún un. Ní àárín, ìbéèrè díẹ̀ lè gbé ọmọ jìnnà. Ní òkè, ọmọ méjì tí agbára wọn yàtọ̀ púpọ̀ lè jọ wà ní ipò 99.

Ẹgbẹ́ tí a fi ọmọ wé

Federal Government Academy ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, ni ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ olóye. Àjọ NECO ni ó ń ṣètò ìdánwò rẹ̀. Àjọ kan náà ni ó ń ṣètò ìdánwò ìgbàwọlé sí àwọn ilé-ìwé ìṣọ̀kan, bíi Federal Government College ní Ìlọrin àti Federal Government Girls' College ní Òmù-Àrán, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà.

Máàkì ni wọ́n ń lò fún ti àwọn ilé-ìwé ìṣọ̀kan, kì í ṣe pasẹ́ńtáìlì, ṣùgbọ́n ó fi hàn kedere bí ẹgbẹ́ ṣe ń yí ìtumọ̀ máàkì padà. Ní ọdún 2013, máàkì tí ó kéré jù fún ìgbàwọlé jẹ́ 139 fún ọmọ Anambra, 133 fún ọmọ Èkó àti 123 fún ọmọ Kwárà. Fún Zamfara, ó jẹ́ 4 fún ọkùnrin àti 2 fún obìnrin. Ọmọ Ganmo tí ó gba 125 ti dé ojú òṣùwọ̀n. Ọmọ Anambra tí ó gba iye kan náà kò dé e. Ète ètò náà ni pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ ní ọmọ ní àwọn ilé-ìwé náà. Nínú ẹjọ́ tí agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba pè, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ ní ọdún 2014 pé ìyàsọ́tọ̀ tí kò bófin mu ni.

Ọjọ́ orí

Láàárín àwọn ọmọ kéékèèké, oṣù díẹ̀ ṣe pàtàkì. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ó kù díẹ̀ kí ó pé márùn-ún ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dàgbà ju ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rin lọ. Nítorí náà, ẹgbẹ́ ọjọ́ orí ọmọ gan-an ni a gbọ́dọ̀ fi í wé. Ìlú New York, ní Amẹ́ríkà, lo irú ìdánwò yìí fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin: ipò 90 ni ọmọ ní láti dé fún kíláàsì àkànṣe ní àdúgbò, 97 fún àwọn ilé-ìwé tí ó wà fún gbogbo ìlú. Ní ọdún 2013, a rí i pé a ti ṣi èsì ṣírò. Lára ohun tí ó fa àṣìṣe náà ni pé ọdún àti oṣù nìkan ni a fi ka ọjọ́ orí, a kò ka ọjọ́ mọ́ ọn. Àwọn ọmọ tí iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,700 ni a ti sọ fún pé wọn kò yege, nígbà tí wọ́n yege. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìlú náà kọ̀ láti sọ àdéhùn ìdánwò náà dọ̀tun.

Ààlà ohun tí ó lè sọ

Ebi, oorun, ìbẹ̀rù àjèjì tàbí èdè ìdánwò lè dín máàkì ọmọdé kù. Ìgbaradì lè fi kún un. Bí máàkì 128 bá lè fi mẹ́rin lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ipò 97 tí ọmọ gbà lónìí lè di 95 tàbí 98 bí ó bá tún ìdánwò ṣe. Fún ìdí èyí, ẹni tí ó bá fẹ́ lóye èsì gbọ́dọ̀ béèrè ohun mẹ́ta: àwọn wo ni a fi ọmọ wé, báwo ni a ṣe ka ọjọ́ orí rẹ̀, àti bí ó ṣe jìnnà tó sí ojú òṣùwọ̀n ìgbàwọlé. Ọmọ tí ó fi ipò kan péré kùnà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó wọlé.